Ilé Orí Táyà Nínú Ọgbà Àjàrà

Ọkọ mi ò mutí rí láyé ẹ̀. Èmi náà ò mu ún rí. Àmọ́ tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òun rí Alhaji àti Alhaja láti Thamesmead nínú ọgbà tí wọ́n ti ń tọ́ wáìnì wò, tí wọ́n mú gíláàsì dání, tí wọ́n ń yí i po bí àwọn òyìnbó ṣe ń yí i, ẹ má bá onítọ̀hún jà. Òótọ́ ló sọ. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n fẹnu ara mi ròyìn bó ṣe jẹ́, kí àwọn aláròká má bàa bá mi fi iyọ̀ àti ata sí i.

Ọ̀rọ̀ ọmọ wa obìnrin ni. Òun nìkan la bí. Nọ́ọ̀sì ni, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ìlú òyìnbó yìí la bí i sí, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń fẹsẹ̀ kọ díẹ̀ tó bá ń sọ ọ́. Níbi iṣẹ́ ló ti pàdé ọmọkùnrin òyìnbó kan, ọmọ àgbẹ̀ láti Kent, tí sísọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń gé ẹ̀ka igi gé lọ́wọ́. Ọmọ mi ló bá a di ọwọ́ náà. Kí ọwọ́ tó jinná, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ọwọ́.

Ọmọkùnrin náà dáa. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ti gba kálímà, ó ti di Mùsùlùmí, kó tó fojú kàn wá rí, ó ń kírun, ó sì ń gba ààwẹ̀ dópin. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì ni bàbá ẹ̀ ń gbìn, òun náà sì ń bá bàbá ẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú oko. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ọkọ mi, ẹnu ẹ̀ sì mú. "Lèmọ́mù ọlọ́tí" ló máa ń pe ọmọkùnrin náà. Ẹ̀yìn ẹ̀ ló ti ń sọ ọ́ o. Tó bá wà níwájú ẹ̀, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní kí ló dé tí kò jẹun dáadáa.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọtí gan-an ló dá nǹkan dúró. Ọmọkùnrin náà ti ṣàlàyé pé òun kì í dé ibi tí wọ́n ti ń sọ èso dọtí. Igi lòun ń tọ́jú, òun sì ti ń ya apá kan èso náà sọ́tọ̀, òun ń fún un, òun ń ta omi ẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ kó kan. Ọkọ mi gbọ́, ó mi orí, ó ní kò burú. Ohun tó ń dùn ún ni pé àwọn òbí ọmọ yẹn ò wá. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n, ilé ọkọ ló ń wá tọrọ ìyàwó. Wọ́n á wá sílé bàbá ọmọ, wọ́n á kanlẹ̀kùn, wọ́n á jókòó síbi tí a bá ní kí wọ́n jókòó sí, wọ́n á wá sọ ohun tí wọ́n bá wá. Àwọn tiwa yìí, dípò kí wọ́n wá, ṣe ni wọ́n ń pè wá. Ẹ wá jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ Sunday. Ẹ wá lásìkò Kérésì. Ẹ wá bá wa ká èso. Lójú tiwọn, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún wa ni. Lójú ọkọ mi, ìwọ̀sí ni.

"Ṣé kí n gbé ọmọ mi lérí, kí n máa kiri ẹ̀ wọ inú oko wọn ni?" Bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ta ló wo ilé tèmi?"

Báyìí la ṣe jókòó tì í fún ọdún méjì. Wọ́n ń retí wa, a ń retí wọn. Wọ́n rò pé a kórìíra wọn, ọkọ mi rò pé wọ́n ń fojú tín-ín-rín wò wá. Mo sọ fún ọmọ mi pé kó kúkú là wọ́n lóye. Ó ní, "Mummy, báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́? Kí n ní kí wọ́n wá beg Daddy nítorí mi?" Ojú ń tì í. Lọ́jọ́ kan tó ń bá mi gé àlùbọ́sà nínú kíṣìnì wa, ó wá sọ ọ́ jáde: òun ò ní fẹ́ ẹni tí Daddy òun ò bá fọwọ́ sí, àmọ́ òun ò ní fẹ́ ẹlòmíì náà. Mo kọ́kọ́ rò pé àlùbọ́sà ló ń mú ojú ẹ̀ ṣomi. Nígbà tí mo rí i pé àlùbọ́sà kọ́, mo gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn lèmi. Àwa kì í káwọ́ gbera máa wo nǹkan tó ń bàjẹ́. Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ bọ́ọ̀sì nígbà yẹn, gbogbo ìgbà ló sì máa ń sọ pé òun ti wa gbogbo ayé lọ síbi tí wọ́n ń lọ, òun ò wa ara òun lọ síbì kankan rí. Mo ní ó yá, ẹ jẹ́ ká gba mọ́tò tí èèyàn ń sùn sínú ẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní campervan, ká lọ ṣe họ́lídè létí òkun. Inú ẹ̀ dùn. Bọ̀dá ọmọ Èkó kan wà ní Nathan Way tó máa ń ra àwọn mọ́tò akẹ́rù àtijọ́, tó máa ń kan bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti síǹkì kékeré sínú wọn. Ọwọ́ ẹ̀ la ti gbà á. Mo rọ ọbẹ̀ ata sínú ike, mo ra búrẹ́dì àti ẹja díndín ní Woolwich, mo kó gàrí, mo gbé ike àlùwàlá sí ẹ̀yìn sítóòfù. Ọmọ mi gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó bá wa lọ. Bí a ṣe jáde láti Thamesmead North, tí a já sí Harrow Manorway, ọkọ mi fọn fèrè sí gbogbo awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó pàdé, títí kan àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Etí òkun dùn. Atẹ́gùn fẹ́ sí wa lára, a jẹ gàrí, a sùn. Nígbà tí mo rí i pé ara ẹ̀ ti balẹ̀ dáadáa, mo ní mo gbọ́ pé ọgbà èso kan wà lọ́nà ilé tí wọ́n ti máa ń gba mọ́tò bíi tiwa láyè láti sùn mọ́jú. Ó ní kò sí wàhálà. Ọmọ mi tó wà lẹ́yìn ò wí nǹkan kan. Ó dákẹ́ bí ẹni tó bu omi sẹ́nu, torí àjọmọ̀ wa ni.

Ọ̀sán Saturday la débẹ̀. Òkè kan ni, tí wọ́n gbin àjàrà sí lẹ́sẹẹsẹ títí dé ìsàlẹ̀, ewé ẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, èso ti ń pọ́n. Ọkọ mi ń yìn ín. "Ẹ wo bí wọ́n ṣe to igi yìí! Iṣẹ́ ọwọ́ nìyí!" Ó ń wa mọ́tò lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń yìn ín lọ, àfi bí ọmọkùnrin náà ṣe sáré jáde láàárín igi pẹ̀lú bàtà òjò lẹ́sẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Sir!"

Ọkọ mi pa iná mọ́tò. Ó yíjú sí mi.

"Alhaja."

"Alhaji mi."

"Ọgbà èso lo pè é."

"Ṣé àjàrà kì í ṣe èso ni? Mi ò kúkú dárúkọ èso."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò ní sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ òun ò ní tẹ ilẹ̀ wọn kí ẹsẹ̀ wọn tó tẹ ilẹ̀ òun, bó bá di àárọ̀ ọ̀la a ó máa lọ sílé. Ó dìde lórí àga awakọ̀, ó gba àárín wọ ẹ̀yìn mọ́tò, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ mi ní, "Daddy, please." Ọkọ mi fọwọ́ pa á lórí. Ó ní, "Èmi ò bá ẹ bínú. Inú ilé mi ni mo jókòó sí. Bẹ́ẹ̀dì mi nìyí, sítóòfù mi nìyí, ike àlùwàlá mi nìyẹn. Ẹni bá fẹ́ rí mi, ilẹ̀kùn mi ò sọnù."

Háà! Orí mi wú. Ohun tó ń bọ̀ lẹ́nu ẹ̀ yẹn, ó lè jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ò gbọ́ ọ. Ọdún méjì la ti ń retí kí àwọn èèyàn yìí wá sílé wa, ilé wa ti wá gbé ara ẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wọn báyìí. Mo fa ọmọ mi síta. Mo ní, "Ṣé o gbọ́ ohun tí bàbá ẹ sọ? Ó ní ilé òun nìyí. Lọ bá àwọn òbí ọmọ yẹn. Ọ̀rọ̀ tó ń tì ẹ́ lójú láti ọdún méjì yìí, sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn. Sọ fún wọn pé a ti délé, kí wọ́n máa bọ̀." Ó wò mí, ó wo mọ́tò, ó nu ojú, ó lọ. Ọmọkùnrin náà tẹ̀ lé e.

Nígbà tí mo padà wọlé, mi ò sọ fún ọkọ mi pé mo rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Mo ṣí ilẹ̀kùn ńlá ẹ̀gbẹ́ mọ́tò sílẹ̀ gbayawu, mo gbé omi tíì kaná. A kírun. A wá jókòó, à ń wo àwọn tó wá tọ́ wáìnì wò lábẹ́ igi ńlá kan níwájú wa, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ oko tẹ́ tábìlì sí. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó láàárín òyìnbó pẹ́, mo rò pé kò sí ohun tí wọ́n ń ṣe tí mi ò tíì rí. Wọ́n á bu díẹ̀ sínú gíláàsì, wọ́n á gbé e sójú oòrùn, wọ́n á yí i, wọ́n á ki imú bọ̀ ọ́ bí ẹni pé nǹkan wọn sọnù síbẹ̀. Wọ́n á gbé e sẹ́nu, wọ́n á fi yọ ẹnu, wọ́n á wá tu ú sínú korobá.

"Ṣé wọ́n tu ú dànù ni?" Ọkọ mi ti sún mọ́ ẹnu ọ̀nà.

"Wọ́n tu ú dànù."

"Lẹ́yìn gbogbo làálàá àgbẹ̀ yẹn?" Ó mi orí. "Ká ní èmi ni mo gbìn ín, ẹni tó bá tu nǹkan mi dànù lójú mi, àwa méjèèjì la jọ máa rìn ín."

Mo fẹ́ sọ pé ọlọ́tí lẹ ń gbèjà yẹn o, mo pa á mọ́ra. Atẹ́gùn ń fẹ́, oyin ń kùn níbi òdòdó, ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ igi. A mu tíì. A fi búrẹ́dì jẹ ẹja. Bí kì í bá ṣe ti ọmọ wa, mi ò bá sọ pé n kò gbádùn ọ̀sán kan tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ọmọ mi ti lọ, kò sì sẹ́ni tó ń bọ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Mo ń rò ó pé bóyá inú ti bí wọn, bóyá wọ́n ní irú ìgbéraga wo leléyìí, pé èèyàn dé ojúdé wa, ó ní ká wá kí òun nínú mọ́tò. Tí wọn ò bá wá, èmi ni mo ba ọ̀rọ̀ ọmọ mi jẹ́ pátápátá.

Àṣé ilé ni wọ́n lọ, wọ́n lọ pààrọ̀ aṣọ.

Mo rí wọn tí wọ́n ń bọ̀ láàárín igi. Bàbá olóko ló ṣáájú, arúgbó gíga kan, ó wọ kóòtù, ó so táì, nígbà tí gbogbo èèyàn tó kù nínú ọgbà wọ ṣòkòtò péńpé. Ìyàwó ẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin wọn àti ọmọ mi wà lẹ́yìn, ọmọ mi ò lè gbójú sókè. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n dúró. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kò sí nǹkan tí wọ́n máa kàn. Bàbá olóko wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó wá fi ìka kan ara mọ́tò, kó-kó-kó.

Ọkọ mi, tó ti ń yọjú wò wọ́n láti òkèèrè, ló bá gbé ojú sókè. "Ta nìyẹn?"

Ẹ gbà mí! Ta ló rò pé ó jẹ́?

Wọ́n wọlé. Bàbá náà forí gbá àjà, ó bẹ àjà. Àwa mẹ́fà fún ara wa pọ̀ bí ẹja inú agolo. Ìyá ọmọkùnrin náà gbé apẹ̀rẹ̀ lé ẹsẹ̀ mi: ẹyin, búrẹ́dì, àti ìgò oyin kan. Ọkọ mi rí oyin, ó wò mí. Mo mọ ohun tó ń rò, oyin wà lára ẹrù ìdána. Ó bi ọmọ wa ní Yorùbá pé ta ló sọ fún wọn. Ọmọ mi ní kò sẹ́ni tó sọ ọ́, ìyá náà ló ń sin oyin, kì í lọ sílé ẹnikẹ́ni láìmú un dání. Ọkọ mi fọwọ́ ara ẹ̀ gbé oyin náà kúrò nínú apẹ̀rẹ̀, ó gbé e síbi tí kò ti ní ṣubú.

Bàbá olóko ò mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ ẹ̀. Ó ní ọmọ òun gbé omi èso tó fún fúnra ẹ̀ wá, kò sí ọtí kankan nínú ẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ tọ́ ọ wò bí wọ́n ṣe ń tọ́ wáìnì wò. Ọmọkùnrin náà bù ú fún wa nínú gíláàsì ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Ó da díẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Bàbá ẹ̀ ní ká kọ́kọ́ wo àwọ̀ ẹ̀. A wò ó. Ó ní ká yí i. A yí i. Ó ní ká gbóòórùn ẹ̀, ká wá mu díẹ̀, ká jẹ́ kó dúró lórí ahọ́n, ká sọ ohun tí a bá rántí.

Ọkọ mi mu ún, ó dijú. Ó pẹ́ kó tó là á.

"Agbálùmọ̀," ó ní.

Bàbá olóko bi í pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi bá bẹ̀rẹ̀. Ó sọ fún un nípa igi tó wà lẹ́yìn ilé ìyá ìyá ẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, bó ṣe máa ń kan ní eyín, tó máa wá dùn tẹ̀ lé e, bí wọ́n ṣe máa ń jẹ awọ ẹ̀ títí ètè á fi lẹ̀ pọ̀. Mo ní irọ́ ni, ìyeyè ni mo gbọ́ lẹ́nu tèmi. Ó ní kí ni ará Ìbàdàn mọ̀ nípa èso. Bàbá olóko ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí ọkọ mi tún pe agbálùmọ̀ kóun gbọ́, ó sì gbìyànjú títí, kò rí i pè. Kò sẹ́ni tó tu nǹkan kan dànù nínú mọ́tò wa lọ́jọ́ náà.

Ìgbà tó yá, ẹ̀rín tán. Ọmọ mi ń wo ilẹ̀.

Bàbá olóko gbé gíláàsì ẹ̀ kalẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá a sọ ọ́ ní tiwa. Ó ní, "Àgbẹ̀ ni mí, mi ò mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Òní yìí lọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa pé nǹkan tí a rò pé ó jẹ́ ọ̀yàyà láti ọdún méjì, ìwọ̀sí la fi ń lọ̀ yín. Ẹ má bínú. Ilé yín la wá báyìí. Ọmọ wa fẹ́ràn ọmọ yín, àwa náà fẹ́ràn ẹ̀. Ṣé ẹ máa fún wa? Tí ẹ bá ní rárá, ẹ̀tọ́ yín ni, a ò sì ní torí ẹ̀ ṣíwọ́ kíkí yín."

Ọkọ mi wò ó. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta."

Ojú ọmọ mi wálẹ̀. Ìyá ọmọkùnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. Ọkọ mi tún un sọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́, pé kí gbogbo wọn bọ́ síta, àti ọmọ wa, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n dúró díẹ̀, kí wọ́n wá tún un kàn. Wọ́n bọ́ síta. Ọmọ mi ló ti ilẹ̀kùn, kò wo ojú mi.

Inú bí mi! Mo dojú kọ ọ́. "Alhaji, kí lẹ tún ń wá? Wọ́n wá, wọ́n kanlẹ̀kùn, wọ́n gbé oyin, wọ́n bẹ̀bẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ pa ọmọ yìí fún mi ni?"

Ó nawọ́ sókè, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lókè bẹ́ẹ̀dì, ó fa báàgì ẹ̀ jáde, ó ń tú u. Fìlà ló ń wá, fìlà tó fi ń lọ kí Jímọ̀. Ó gbé e dé, ó tẹ̀ sí ọ̀tún, ó tún un ṣe. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ojú ẹ̀ kún fún omi.

Ó ní, "Mo ti fún wọn. Nígbà tí bàbá yẹn kanlẹ̀kùn ni mo ti fún wọn. Ṣùgbọ́n, Alhaja, láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí, gbogbo ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn mi, wọ́n wá sọ nǹkan fún mi ni. Onílé, council, àwọn school, àwọn oníná. Wọ́n á sọ ọ́ fún mi, wọ́n á lọ. Kò sẹ́nì kan tó kanlẹ̀kùn mi rí láti wá bi mí pé kí lèmi fẹ́. Ti òní yìí ni àkọ́kọ́. Mi ò lè dá a lóhùn láìdé fìlà."

Kó-kó-kó.

Mo nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Má tíì ṣí i," ó ní. "Jẹ́ kí wọ́n kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i."